Ooru ti dé, àwọn ọmọ fẹ́ lọ lúwẹ̀ẹ́ ní Dovestone: ṣé omi òkè yẹn ti gbóná tó?

ÌyáÌbejì_Ashton · Ọjọ́bọ̀, 9:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà, ó sì yá mi. Ìparí oṣù Karùn-ún la wà yìí, wọ́n ní ooru máa tó 27°C lọ́jọ́ Sátidé. Àwọn ìbejì mi, ọkùnrin kan, obìnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ti ń palẹ̀ mọ́. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn níléèwé fẹ́ lọ sí Dovestone, adágún omi ńlá tó wà láàárín òkè ní Greenfield lẹ́yìn Oldham, kí wọ́n lọ lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Àwọn méjèèjì mọ odò wẹ̀ o. Inú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ àdúgbò ni wọ́n ti kọ́ ọ, wọ́n sì lè lọ kí wọ́n bọ̀ léraléra láìsinmi. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ìgbà tí omi òkè yẹn máa ń gbóná tó fún ènìyàn láàárín ọdún. Bàbá wọn ní kí n jẹ́ kí wọ́n lọ, pé ọmọ tó bá ti mọ odò wẹ̀ ti bọ́. Ọkàn mi ò balẹ̀.

Ọmọ_Ìlàjẹ · Ọjọ́bọ̀, 9:31 alẹ́

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Bàbá wọn ni mo gbè lẹ́yìn. Ayétòrò ni wọ́n ti tọ́ mi, etí òkun gan-an. Lọ́dọ̀ tiwa, ọmọ ti ń bọ́ sómi kó tó mọ ìwé kà. Ẹ̀rù tí àwọn òbí ń kó sí ọmọ lára ni kì í jẹ́ kó mọ omi, omi tí ènìyàn ò sì mọ̀ ló ń pa á. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ, kí àgbà kan tẹ̀ lé wọn, kí wọ́n má kọjá ibi tí ẹsẹ̀ wọn ti ń tẹ ilẹ̀. Oòrùn 27°C, kí la tún ń wá?

Ẹlẹ́rọ_Omi · Ọjọ́bọ̀, 10:05 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n Ìlàjẹ, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n 27°C yẹn, ti afẹ́fẹ́ ni. Iṣẹ́ dáàmù ni mò ń ṣe nílùú yìí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí omi ṣe ń rí.

Omi tó pọ̀ kì í tètè gbóná, kì í sì í tètè tutù. Ooru ọjọ́ mẹ́ta ò lè yí adágún ńlá padà. Láti oṣù Kejìlá títí di oṣù Kejì, omi àwọn adágún orí òkè Pennines máa ń wà ní nǹkan bíi 3 sí 6°C. Àwọn tó wà lókè téńté, bíi Chew tó fi nǹkan bíi 490 mítà ga ju òkun lọ, ojú wọn tilẹ̀ máa ń dì nígbà mìíràn. Tó bá di oṣù Karùn-ún, omi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè bọ̀ ni. 10 sí 13°C lẹ óò bá. Inú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tí àwọn ọmọ ti kọ́ ọ, nǹkan bíi 28°C ni. Ara wọn ò tíì pàdé irú èyí rí.

Dovestone ò sì dá wà. Chew (1912), Greenfield (1902) àti Yeoman Hey (1880) wà lókè rẹ̀, omi wọn ló ń ṣàn bọ̀ wá bá a. Òun ló kéré lọ́jọ́ orí, 1967 ni wọ́n parí rẹ̀. Ilẹ̀ dúdú orí òkè tí omi náà gbà kọjá ló ń sọ ọ́ di aláwọ̀ tíì, débi pé ènìyàn lè dúró sínú rẹ̀ kó má rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ojú omi àti ìsàlẹ̀ rẹ̀ kì í bára mu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí oòrùn bá ti ń pa á, èyí tó gbóná á fúyẹ́, á dúró lókè. Èyí tó tutù á wúwo, á jókòó sísàlẹ̀. Ní 4°C ni omi wúwo jù lọ. Ẹni tó rọra ń léfòó lójú omi lè má fura, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fò láti orí ògiri á la omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kọjá, á bọ́ sínú omi mìíràn pátápátá.

Ìyẹn "ibi tí ẹsẹ̀ ti ń tẹ ilẹ̀" ni mo fẹ́ kí ẹ tún rò, ẹ̀gbọ́n. Etí adágún àtọwọ́dá kì í rọra lọ sísàlẹ̀ bíi etí odò. Òkúta tí wọ́n tẹ́ ni, ó dagun, ó ń yọ̀, ìṣísẹ̀ kan péré lè gbé ọmọ dé ibi tí kò ti ní tẹ nǹkan kan. Gígun un jáde tún le ju bíbọ́ sínú rẹ̀ lọ. Ihò tí omi ń gbà jáde wà nísàlẹ̀, àwọn fáàfù míì sì ń ṣí fúnra wọn láìsí ẹni kankan nítòsí. Ojú omi á pa rọ́rọ́, ìsàlẹ̀ á máa fà. Nítorí èyí ni ilé iṣẹ́ United Utilities tó ni ín kò fi gbà kí ẹnikẹ́ni lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ omi máa ń sọ pé omi àwọn kì í sábà kọjá 12°C, àní nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Àbẹ̀kẹ́_OmiTútù · Ọjọ́bọ̀, 10:48 alẹ́

Gbogbo ohun tí Ẹlẹ́rọ sọ ni mo fara mọ́, àfi 12°C yẹn. Mo máa ń lúwẹ̀ẹ́ níta lágbègbè Calderdale, láti ìgbà ìrúwé títí wọ ìgbà òtútù, tẹmómítà ò sì kúrò lára bọ́ọ̀lù aláwọ̀ ọsàn tí mo ń so mọ́ ìbàdí. Ní ìparí oṣù Keje àti nínú oṣù Kẹjọ, ojú omi Gaddings Dam lókè Todmorden máa ń tó 17 tàbí 18°C. Bí ooru bá pẹ́, ó ń jù bẹ́ẹ̀ lọ. Adágún kékeré ni, iyanrìn wà létí rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ló sì ń lọ síbẹ̀.

Ìdí tí mo fi ń jiyàn ni pé àwọn ọmọ kì í ṣe òmùgọ̀. Bí a bá sọ fún wọn pé omi kì í kọjá 12, tí wọ́n bá ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ lóṣù Kẹjọ tí wọ́n rí i pé ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọn ò ní gba ìyókù ọ̀rọ̀ wa gbọ́ mọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún wọn. Oṣù Karùn-ún ni oṣù ẹ̀tàn, kì í ṣe oṣù Kẹjọ. Ojú ọjọ́ á dà bí ẹ̀ẹ̀rùn, omi á ṣì jẹ́ ti ìgbà òtútù.

Àwa tí a ń lúwẹ̀ẹ́ níta ní òṣùwọ̀n kan tí a ń lò: ìṣẹ́jú kan fún dígírì kan. Bí omi bá jẹ́ 11°C, ìṣẹ́jú 11 ti tó.

Nọ́ọ̀sì_Ìjẹ̀bú · Ọjọ́ Ẹtì, 6:20 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru dé, mo sì fẹ́ kí Ìyá Ìbejì ka èyí kí àwọn ọmọ tó jí.

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ẹ jọ̀ọ́, òṣùwọ̀n ìṣẹ́jú kan fún dígírì kan yẹn kì í ṣe fún ọmọ tí kò bọ́ sómi tútù rí. Ẹ̀yin tí ara yín ti mọ omi tútù lè fi ṣọ́ ara yín kí ẹ má pẹ́ jù. Fún ẹni tuntun, ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ló léwu jù, òṣùwọ̀n yín ò sì sọ nǹkan kan nípa ìṣẹ́jú náà.

Bí awọ ara bá ṣàdédé kan omi tí kò tó 15°C, ara á já. Ènìyàn á fa èémí ńlá kan sínú láìjẹ́ pé ó fẹ́, á wá máa mí gúlegúle tí kò ní lè dá a dúró. Bí orí rẹ̀ bá wà lábẹ́ omi nígbà èémí àkọ́kọ́ yẹn, omi ló máa fà sínú ẹ̀dọ̀fóró. Ọkàn á máa sáré, ẹ̀jẹ̀ á ru sókè. Bí ojú àti imú bá tún rì lẹ́ẹ̀kan náà, ara á máa pàṣẹ méjì tó tako ara wọn fún ọkàn, ìkan ní kó sáré, ìkan ní kó rọra, ìlù ọkàn sì lè dàrú. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30 àkọ́kọ́ ló máa ń le jù, á sì rọlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kú sómi tútù, inú ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn ni wọ́n ń kú sí, òtútù ò tíì wọ inú egungun wọn rárá. Àwọn míì nínú wọn mọ odò wẹ̀ dáadáa. Òmùwẹ̀ ni í bómi lọ, àwọn àgbà wa ti sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó bá là á kọjá, nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 sí 15 sí i, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ á máa kú tipiri. Ẹ̀jẹ̀ ti sá wọ àárín ara kó lè gbà á là, iṣan apá ò gbọ́ràn mọ́. Ọmọ tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú omi 28°C ò ní rí apá gbé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé etí omi ò jìnnà. Kí òtútù tó mú gbogbo ara débi tí ènìyàn ò fi mọ ibi tó wà, ó sábà máa ń gbà ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ.

Nítorí náà, bí ọmọ bá ṣèèṣì bọ́ sínú rẹ̀, kó má gbìyànjú láti lúwẹ̀ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Kó dojú sókè, kó tẹ orí sẹ́yìn títí omi á fi bo etí rẹ̀, kó rọra máa fi ọwọ́ gbá omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, kó dúró kí mímí rẹ̀ padà bọ̀ sípò. Àwọn RNLI, ẹgbẹ́ adóòlà ẹ̀mí lójú omi nílẹ̀ yìí, ń kọ́ gbogbo ènìyàn ní èyí, "Float to Live" ni wọ́n ń pè é. Inú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ tó gbóná ni kí àwọn ìbejì ti fi kọ́ra.

Ó ku ohun kan tí ó kan àwa gan-an. Bí ọmọ bá jẹ́ SS, ẹ má jẹ́ kó bọ́ sómi tútù rárá, ìbáà jẹ́ lóṣù Kẹjọ. Òtútù òjijì máa ń fa ìrora egungun. NHS kìlọ̀ fún àwọn tó ní àrùn náà pé kí wọ́n yẹra fún omi tútù. Ẹni tó ní ásímà tàbí àìsàn ọkàn gbọ́dọ̀ bá dókítà sọ̀rọ̀ kó tó gbìyànjú rẹ̀.

Ẹlẹ́rọ_Omi · Ọjọ́ Ẹtì, 7:55 àárọ̀

Àǹtí Àbẹ̀kẹ́, ibi tí ẹ̀yin ń wọ̀n àti ibi tí àwọn ilé iṣẹ́ ń wọ̀n ló yàtọ̀. Tẹmómítà yín ń léfòó lójú omi tó ti jẹ oòrùn láti àárọ̀. Tí wọ́n bá sọ ọ́ sísàlẹ̀ adágún tó jìn, nọ́ńbà mìíràn ló máa mú wá. Tí atẹ́gùn líle bá sì fẹ́, ó ń ti omi gbígbóná lọ sí apá kan, omi tútù á sì gòkè ní apá kejì. Ibi tí ẹ ti rí 18 lánàá, ẹ lè rí 14 níbẹ̀ lónìí.

Ọmọ_Ìlàjẹ · Ọjọ́ Ẹtì, 8:40 àárọ̀

Nọ́ọ̀sì, ẹ ṣeun, mo kà á tán. Òótọ́ ni pé omi ọ̀sà lọ́dọ̀ wa kì í tutù báyìí. A kì í sọ̀rọ̀ òtútù tá a bá ń kọ́ ọmọ ní omi, ìṣàn àti ìgbì ni a máa ń kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mi ò kúrò nídìí ọ̀rọ̀ mi o: bí a bá kàn ń lé àwọn ọmọ kúrò létí omi, a ò dáàbò bò wọ́n. Wọ́n á lọ lẹ́yìn wa.

Ohun tí mo mọ̀ dájú nípa ìdóòlà ni n ó fi kún un. Ẹni tó ń rì kì í pariwo bí a ṣe rò. Ẹnu rẹ̀ wà nínú omi, ọwọ́ rẹ̀ ń gbá omi lẹ́gbẹ̀ẹ́, á kàn dákẹ́ ni. Bí ẹ bá rí i, ẹ má bẹ́ sómi tọ̀ ọ́, ojúlówó apẹja pàápàá kì í lọ bá a láti iwájú. Á gbá ọ mú, á gun orí rẹ, ẹ̀yin méjèèjì á lọ. Igi, okùn, ẹ̀wù tí wọ́n so pọ̀, ike òfìfo tó lè léfòó, ohunkóhun tí ọwọ́ rẹ̀ lè dì mú ni kí ẹ jù sí i. Kí àwọn ìbejì mọ èyí ju bí wọ́n ṣe mọ odò wẹ̀ lọ, torí pé bí ọ̀kan bá rì, èkejì ló máa kọ́kọ́ fẹ́ bẹ́ tẹ̀ lé e.

ÈkìtìNíColorado · Ọjọ́ Ẹtì, 2:15 ọ̀sán

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Fort Collins ni mo wà, lẹ́sẹ̀ òkè Rockies. Adágún Horsetooth tó wà lẹ́bàá wa fi nǹkan bíi 1,650 mítà ga ju òkun lọ, apá kan rẹ̀ sì wà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìlúwẹ̀ẹ́, nítorí náà kì í ṣe gbogbo adágún òkè ni wọ́n ń lé ènìyàn kúrò. Òjò dídì ni orísun omi wa. Láti òdìkejì òkè ni wọ́n ti ń gbé e wá, wọ́n gbẹ́ ihò tó gùn tó nǹkan bí ogún kìlómítà ó lé kan gba abẹ́ òkè náà kọjá, 1947 ni omi kọ́kọ́ gba ibẹ̀. Lóṣù Kẹfà, oòrùn á máa jó ènìyàn lórí, omi á ṣì máa rántí òjò dídì. Keje àti Kẹjọ ni tiwa.

Ohun tí mi ò rí kí ẹnikẹ́ni mẹ́nu bà ni atẹ́gùn. Lórí òkè níbí, ìjì máa ń dé lọ́sàn-án láìkìlọ̀. Ọmọ tó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, ìjì á gbé e dé àárín adágún kí ẹnikẹ́ni tó dìde. Lábẹ́ òfin Colorado, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀wù ìléfòó nínú ọkọ̀ ojú omi tó bá ń lọ. Ẹ̀wù ìléfòó yìí ni mo gbà gbọ́ ju ohunkóhun lọ. Ó ń gbé orí ọmọ sókè nínú ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ tí Nọ́ọ̀sì sọ yẹn.

ÌyáÌbejì_Ashton · Ọjọ́ Ẹtì, 4:02 ìrọ̀lẹ́

Olúwa á bù kún gbogbo yín. Mo ka ti Nọ́ọ̀sì sí wọn létí nígbà tí wọ́n dé láti iléèwé, Bàbá wọn pẹ̀lú wà níbẹ̀. Dovestone ti kúrò nílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n bínú, ooru ṣì ń bọ̀ lọ́la, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n yọ́ lọ. Ibo ni mo lè mú wọn lọ? Kẹ́hìndé tún ṣẹ̀ṣẹ̀ di irun, kò fẹ́ kí omi bà á jẹ́.

Àbẹ̀kẹ́_OmiTútù · Ọjọ́ Ẹtì, 4:30 ìrọ̀lẹ́

Salford Quays lẹ́bàá Manchester, ma. Wọ́n ní ibi tí wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́ níta níbẹ̀ tí àwọn adóòlà ẹ̀mí ń ṣọ́, wọ́n sì máa ń sọ bí omi ṣe tutù tó. Ẹ pè wọ́n lálẹ́ yìí, ẹ béèrè ọjọ́ orí tí wọ́n ń gbà àti bóyá àyè ṣì wà. Aṣọ rọ́bà, wetsuit, ni kí wọ́n wọ̀ lóṣù yìí. Kí ẹ lè mọ bí 12°C ṣe rí: nínú ìdíje orí omi gbalasa, World Aquatics, àjọ ìlúwẹ̀ẹ́ àgbáyé, kì í jẹ́ kí àwọn àgbà òmùwẹ̀ bọ́ sómi tí kò tó 16°C, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ rọ́bà di dandan bí kò bá tó 18.

Kí wọ́n má fò wọlé. Kí wọ́n fi ẹsẹ̀ wọlé, kí wọ́n bu omi sójú àti sí ọrùn, kí wọ́n dúró títí wọ́n á fi lè sọ̀rọ̀ láìmí gúlegúle, kí wọ́n tó na ara. Ní ti kí ara mọ́ ọn, bíbọ́ sómi tútù fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí ẹ̀ẹ̀mẹfà, ti tó láti dín jíjá ara yẹn kù sí nǹkan bí ìdajì, àǹfààní rẹ̀ sì máa ń wà lára fún oṣù púpọ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti ń ṣọ́ ènìyàn ni.

Tí wọ́n bá jáde, ara á ṣì máa tutù sí i fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ọgbọ̀n. Wọ́n á rò pé àwọn ti bọ́, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n rìrì. Kí wọ́n bọ́ aṣọ tútù kíákíá, kí wọ́n wọ aṣọ gbígbẹ lé ara wọn, kí wọ́n dé fìlà onírun, kí wọ́n mu nǹkan gbígbóná tó dùn. Ẹ má tì wọ́n sábẹ́ omi gbígbóná lójú ẹsẹ̀.

Ti irun Kẹ́hìndé, fìlà ìlúwẹ̀ẹ́ tó tóbi fún irun dídì wà ní ọjà báyìí. Soul Cap ni ọ̀kan nínú wọn. Wọn ò gbà á wọ ìdíje Òlíńpíìkì Tokyo, wọ́n wá fọwọ́ sí i ní 2022. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ irun ṣeré, torí ó wà lára ohun tó ń lé àwọn ọmọbìnrin wa kúrò nínú omi. Sport England, àjọ tó ń rí sí eré ìdárayá, sọ pé nínú ọgọ́rùn-ún àgbà aláwọ̀ dúdú ní Ẹ́ńgílándì, márùn-dín-lọ́gọ́rùn-ún ni kì í lúwẹ̀ẹ́. Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ibí ló yẹ kó kọ́ ọmọ dé mítà 25 kó tó jáde, àwọn ọmọ tó sì dé láti ilé nígbà tí wọ́n ti wọ girama kì í bá ẹ̀kọ́ yẹn pàdé rárá. Ẹ̀yin òbí wọn, ẹ lọ béèrè fún wọn.

Panápaná_Tẹ́lẹ̀ · Ọjọ́ Ẹtì, 7:10 alẹ́

Mo fẹ́ tún ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n Ìlàjẹ ṣe díẹ̀. Kí ẹ tó wá igi tàbí okùn, kí ẹnì kan ti pe 999. Létí òkun, Coastguard, àwọn ẹ̀ṣọ́ etí òkun, lẹ máa béèrè fún. Níbi adágún àti odò, panápaná ni. Àwọn ló ní okùn àti ọkọ̀. Ẹ sọ orúkọ adágún àti apá ibi tí ẹ wà. Àwọn adágún míì ní àpótí okùn ìdóòlà tí wọ́n tì, ẹni tó gbé 999 yín ló máa sọ nọ́ńbà tí ẹ máa fi ṣí i. Bẹ́ẹ̀ ni, láàárín òkè, fóònù lè má gbé. Kí àwọn ọmọ wo ibi tí fóònù ti ń gbé kí wọ́n tó jókòó.

Glasgow_Àdùkẹ́ · Ọjọ́ Ẹtì, 8:25 alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á sí pé òfin kan náà ló wà káàkiri. Ní Scotland níbí, òfin ilẹ̀ 2003 fún wa láyè láti lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún, tó fi mọ́ ti dáàmù, bí a bá ti ń ṣe é pẹ̀lú ọgbọ́n tí a sì jìnnà sí ibi tí ẹ̀rọ wà. Omi wa tutù ju tiyín lọ, ẹ̀tọ́ náà ò sì sọ ọ́ di gbígbóná.

ÌyáÌbejì_Ashton · Ọjọ́ Ẹtì, 9:40 alẹ́

A ti rí àyè ní Salford fún ọ̀la. Bàbá wọn náà ń bọ̀. Ìbéèrè kan ló kù. Ọjọ́ ìbí wọn wà nínú oṣù Kẹsàn-án, wọ́n ní kí n mú wọn lọ sí Gaddings tí Àǹtí Àbẹ̀kẹ́ dárúkọ. Ṣé omi ò ní ti tutù padà nígbà yẹn?

Àbẹ̀kẹ́_OmiTútù · Ọjọ́ Ẹtì, 9:58 alẹ́

Oṣù Kẹsàn-án dára ju oṣù Karùn-ún lọ fíìfíì, ma. Omi ti gba ooru gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn pamọ́, ó sábà máa ń wà ní 14 sí 16°C ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀wù òtútù lẹ máa wọ̀ dé ibẹ̀. Ìparí oṣù ló ń yára lọ sílẹ̀. Kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n wọ inú rẹ̀, ẹ wo etí omi dáadáa: bí ẹ bá rí ìfófòó aláwọ̀ ewé tó dà bí ọ̀dà, blue-green algae ni, ó ní májèlé, kí ajá pàápàá má mu ún. Bí ọ̀sẹ̀ ọjọ́ ìbí wọn bá kù díẹ̀, ẹ kọ̀wé sí mi níbí, n ó sọ ohun tí tẹmómítà mi ń sọ.

Ẹlẹ́rọ_Omi · Ọjọ́ Ẹtì, 10:11 alẹ́

Kí ẹ wọ bàtà tó nípọn o. Gaddings ò ní ọ̀nà mọ́tò, ẹsẹ̀ lẹ máa fi gùn ún, ó sì dagun. Tí ara bá ti ń gbọ̀n, ìsọ̀kalẹ̀ yẹn ni ẹ máa ro kí ẹ tó pinnu iye ìṣẹ́jú tí wọ́n máa lò nínú omi.